Ìyanu, Akíkanjú tí ó Kọ́kọ́ jẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún 1938 ni àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ka ìtàn Superman, ọkùnrin alágbára nì. Ní ọdún kan náà ni ìjọ C.M.S. tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà, jáde. Nítorí náà, ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ wa ti ní akíkanjú tiwọn nínú ìwé. Ṣùgbọ́n nínú sinimá, akíkanjú ilẹ̀ òkèèrè ni púpọ̀ nínú wọn ń wò.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, eré àwòrán kan jáde tí a pè ní Iyanu. Roye Okupe, ẹni tí a bí ní Èkó, ni ó kọ ìwé tí a ti fa eré náà yọ. Godwin Akpan ni ó sì ya àwòrán inú ìwé náà. Ọmọ òrukàn ni Ìyanu, lẹ́yìn odi ìlú Elu ni ó ń gbé lọ́dọ̀ Olórí, olùkọ́ rẹ̀. Kò mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, títí ọjọ́ ewu fi dé tí agbára àràmàǹdà hàn lára rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a yìn jù ni pé ọmọ yìí ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó di akíkanjú. Ìtàn àwọn baba rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ́, kì í ṣe ìjà. Orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bíyìí àti Tóyè, kò ṣàjèjì sí ìwé orúkọ kíláàsì wa. Ọmọ tí ó bá wò ó kò ní tijú orúkọ tirẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé náà, òun náà ni a sì kọ́kọ́ fi ṣe eré náà. Ẹlòmíràn lè wí pé gbogbo ayé ni a ṣe é fún, òtítọ́ sì ni. Síbẹ̀, Akàrà-Ògùn bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú òwe, àwàdà àti àsọdùn tí ó ti inú èdè wa jáde. Bí a bá mú èdè náà kúrò, ìtàn lè kù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú adùn rẹ̀ yóò lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe dí àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti wò ó. Bí wọ́n bá wò ó tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un sọ ní Yorùbá, àní ní èdè Èkìtì tí à ń sọ nílé ní Ìsinbọ̀dé. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́n wọn, níbẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.