Ẹni Tó Mọ Ewé Ló Mọ Igi

Ẹ̀bá àwọn òkè àpáta Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ni igi igbó ti ń pàdé igi ọ̀dàn, ìdí nìyẹn tí mímọ igi níbẹ̀ fi gba làákàyè. Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í wo igi lóréfèé. Wọ́n á já ewé, wọ́n á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì ṣá èèpo díẹ̀ bóyá oje á yọ.

Ẹ wo àgbálùmọ̀: ojú ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, abẹ́ rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, oje funfun sì ń jáde níbi tí wọ́n ti já a. Ahùn náà ní oje funfun, àmọ́ ńṣe ni ewé tirẹ̀ tò yí ẹ̀ka ká. Èyí tó máa ń rú ọmọdé lójú ni àràbà àti póńpólà, torí àwọn méjèèjì ló lè ní ẹ̀gún lára. Ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewé bá wọ́, kí òdòdó tó yanjú ọ̀rọ̀: ti póńpólà pupa fòò, ti àràbà funfun.

Keay, Onochie àti Stanfield kó irú ìmọ̀ yìí sínú ìwé Nigerian Trees, tó jáde ní apá méjì, ní 1960 àti 1964. Síbẹ̀, inú oko ni ẹ̀kọ́ náà ti ń wúlò jù. Etí ewé ìrókò kékeré ní eyín wẹ́wẹ́. Ti àgbà ìrókò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi ọkọ́ hú ìrókò dànù níbi tó ti ń roko.