Lágbájá Gbóná Dé 127: Èdè Àwọn Ètò Tó Ń Ka Ìgbóná Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti fonọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí iṣẹ́ tí a jọ ṣe nígbà yẹn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń fi ojú onímọ̀ èdè wo àwọn ètò kéékèèké tí àwọn ènìyàn ń gbé sórí kọ̀ǹpútà láti mọ bó ṣe gbóná tó, bí fáànù rẹ̀ ṣe ń yí, àti iye fóòtì iná tó ń wọ inú rẹ̀: HWMonitor, HWiNFO, SpeedFan, Core Temp, àti lm-sensors ti àwọn tó ń lo Linux. Ẹ̀sùn tí mo ní sí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan dá lójú, níbi tí kò ti dá wọn lójú rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ẹ ṣí HWMonitor lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ ó rí TMPIN0, TMPIN1, TMPIN2. lm-sensors náà á kọ temp1, temp2, temp3 fún yín. Kí ni àwọn wọ̀nyí? Nínú èdè tiwa a ní Lágbájá, a ní Tàmẹ̀dù, a ní Lákáṣègbè. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ẹni tó bá ní "ara Lágbájá ò yá" kò tíì sọ ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Orúkọ tí a fi di àyè mú ni. Ohun tó fà á ni pé chip tó ń ka ìgbóná lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ní ojú mélòó kan tí wáyà lè wọ̀. Ẹni tó ṣe chip kò mọ ohun tí ẹni tó ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù máa so mọ́ ojú kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ kan lè so sẹ́ńsọ̀ abẹ́ CPU mọ́ ojú kejì, òmíràn lè so ó mọ́ ẹ̀kẹta, òmíràn ò ní so nǹkan kan mọ́ ọn. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ètò yìí kò rí ilé, kò sì sí ẹni tó júwe ilé fún un. Nítorí náà, pé ó pè é ní Lágbájá, mi ò bá a jà. Ìjà mi ni pé ó fi nọ́ńbà síwájú Lágbájá, ó tún fi "°C" tì í lẹ́yìn, bí ẹni tó ti fọwọ́ kàn án.

Èyí tó tún burú ju Lágbájá lọ ni orúkọ tó jọ orúkọ gidi. Lára àwọn chip Nuvoton, ẹ ó rí SYSTIN, CPUTIN àti AUXTIN. Ẹni tó bá ka CPUTIN á rò pé ìgbóná CPU nìyẹn, àbí? Orúkọ ojú ihò lára chip ni. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, ohun tó ń kà kò bá ti CPU mu rárá.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn gbé irú rẹ̀ wá bá mi. Ẹni tó ń bá a tún ẹ̀rọ ṣe ti ní àfi kó pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, ó sì ti ń kó owó jọ.

"Prọ̀f, ẹ wò ó, sà. AUXTIN ti dé 127."

"Fọwọ́ kan ara rẹ̀."

"Kò gbóná, sà."

"Ó ń kú lójijì? Ó ń lọ́ra?"

"Rárá, sà."

Omi ń hó ní 100. Bí ohun kan bá wà ní 127 nínú àpótí yẹn látàárọ̀, imú la ó kọ́kọ́ fi mọ̀. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ibi tí 127 ti wá, nítorí ìyẹn ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Irú chip bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi bíìtì 8 kọ ìgbóná sílẹ̀. Bíìtì 8 lè mú iye 256 jáde. Tí a bá pín in fún òdì àti odindi, ó máa bẹ̀rẹ̀ láti -128, ó máa parí sí 127. Nígbà tí kò bá sí sẹ́ńsọ̀ kankan lẹ́nu wáyà, chip náà lè bọ́ sí ìpẹ̀kun kan tàbí èkejì. 127 yẹn kì í ṣe ìgbóná. Ibi tí òǹkà rẹ̀ dópin ni. Ó dà bí ọmọdé tó ń kà títí dé ogún, tí ẹ wá bi í pé ẹran mélòó ló wà lágbo, tó ní ogún. Ọmọ náà kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìdáhùn rẹ̀ ra okùn ẹran ti náwó dànù. Ọmọ mi kò ra mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wò, ẹ fún ẹ̀rọ níṣẹ́ tó wúwo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ máa wo èyí tó ń lọ sókè. Nọ́ńbà tí kò mì nígbà iṣẹ́, tí kò mì nígbà ìsinmi, kò sí ohun tó ń wọ̀n. Ẹ sì wo ìgbóná yàrá yín. Fáànù kò lè mú kí CPU tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lọ. Bí yàrá bá wà ní 30 n'Ìbàdàn lọ́sàn-án, tí ètò bá kọ 14 síbẹ̀, irọ́ ni, ì báà jẹ́ ìgbà ọyẹ́.

Mo wá dé ibi tó dùn mọ́ mi jù. Sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú CPU Intel fúnra rẹ̀ kì í kà láti òdo lọ sókè. Láti òkè ló ti ń kà bọ̀. Ibi tí CPU kò gbọdọ̀ kọjá ni wọ́n ń pè ní TjMax, ohun tí sẹ́ńsọ̀ sì ń sọ ni iye tó kù kó tó débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì òǹkà Yorùbá, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Márùndínláàádọ́ta! Intel ń fi "dín" kà bíi tiwa. Ṣùgbọ́n nínú márùndínláàádọ́ta, èdè wa sọ ohun tó dín, ó sì sọ ohun tí a yọ ọ́ nínú rẹ̀. Bí mo bá ní "ó dín márùn-ún" tí mo dákẹ́, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ń sọ tàbí márùndínlọ́gọ́rin.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn láyé Core 2. Sẹ́ńsọ̀ ń sọ iye tó dín, ṣùgbọ́n Intel kò tíì kéde TjMax àwọn CPU orí tábìlì. Ọdún 2008 ni wọ́n tó wá sọ ọ́ síta. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn tó ń ṣe ètò ń méfò: àwọn kan lo 85, àwọn kan lo 100. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ní "ó dín ogójì", ètò kan á kọ 45, èkejì á kọ 60, lórí ẹ̀rọ kan náà, ní ìṣẹ́jú kan náà. Àwọn ènìyàn sì ń bá ara wọn jà nítorí ìyàtọ̀ 15 tí kò sí nínú irin. Inú ìtumọ̀ ló wà. Títí di òní, ohun tí sẹ́ńsọ̀ yẹn mọ̀ dáadáa ni ìtòsí ìpẹ̀kun. Bó bá ti jìnnà sí i, ẹ má fi gbogbo ara gbára lé e.

AMD ní tirẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní 2017, Ryzen 7 1700X àti 1800X ń fi 20 lé ìgbóná tòótọ́ kó tó sọ ọ́ síta, kí ìlànà fáànù lè bá ara mu láàárín àwọn CPU tó ń lo irú mọ́dábọ́ọ̀dù kan náà. 1700 lásán kò ní àfikún yìí. Iye tó ní àfikún ni Tctl, ìgbóná gidi ni Tdie. Ọ̀pọ̀ ra fáànù ńlá nítorí 20 tí kò jó ẹnikẹ́ni. AMD ṣàlàyé, mo gbà, ṣùgbọ́n ètò tó kọ "CPU" sí iwájú Tctl láìsọ pé àṣẹ fún fáànù ni, ó ti tú ọ̀rọ̀ sódì. Àwọn tó kọ k10temp fún Linux ni mo kí: nínú àlàyé tiwọn, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé Tctl kì í ṣe ìgbóná ibì kan pàtó.

Ti fóòtì kò gùn. Chip kò lè gbé 12 fóòtì sẹ́nu, nítorí náà wọ́n máa ń fi rẹ̀sítọ̀ dín in kù, ètò á wá ṣe ìsọdipúpọ̀ padà. Bó bá fi iye tí kì í ṣe ti mọ́dábọ́ọ̀dù yẹn ṣe é, á kọ 8 fóòtì sójú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dá páwà lẹ́bi. Fáànù tó ń kọ 0 náà, ẹ fojú wò ó: wáyà kẹta ló ń ròyìn ìyípo, fáànù tó ní wáyà méjì péré á máa yí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì ṣí ètò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí àwọn méjèèjì bá ń bá chip kan sọ̀rọ̀ pọ̀, tí wọn ò dúró de ara wọn, ìdáhùn tó wà fún ọ̀kan lè bọ́ sọ́wọ́ èkejì.

Ẹ má wá torí ohun tí mo sọ sọ gbogbo nọ́ńbà di irọ́ o. Bí iye inú CPU bá ń gùn dé ìtòsí 100 bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́, tí ẹ̀rọ sì ń lọ́ra, òótọ́ ni: CPU fúnra rẹ̀ ló ń dín eré kù láti gba ara rẹ̀ là, kò dúró de ètò kankan. Ẹ ṣí i, ẹ gbá eruku kúrò, ẹ pààrọ̀ ọ̀rá tó wà láàárín CPU àti irin atutù tó bá ti gbẹ. Àmọ́ Ryzen 7000 ti 2022, wọ́n ṣe é kó lè máa gun 95 lábẹ́ iṣẹ́ ńlá. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Nínú gbogbo wọn, HWiNFO àti lm-sensors ni mo yàn, nítorí wọ́n gbà kí onílé sọ ọmọ lórúkọ. HWiNFO á jẹ́ kí ẹ yí orúkọ padà, kí ẹ sì fi èyí tí kò wúlò pamọ́. lm-sensors ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún un nínú fáìlì rẹ̀: label, compute, ignore. SpeedFan lẹ́wà, ṣùgbọ́n àwòrán iná tó ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó ga, á fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńsọ̀ tí kò sí níbẹ̀ náà. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ wọn kò lè ná wọn lówó: kí wọ́n fi àyè òfìfo síbi tí wọn ò bá mọ ohun tó wà. lm-sensors ń kọ N/A nígbà míì. Ẹyọ àmì yẹn wúlò fún mi ju 127 lọ.