Ilé Tí A Kọ́ àti Ọmọ Tí A Kò Kọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn bí mo ti ń ronú lórí eré orí ìtàgé wa àti owó ìlú tí à ń ná lé e lórí. Àwa lámèyítọ́ a máa yẹ eré tí ó ti parí wò fínnífínní. A kì í sábà béèrè ibi tí ẹni tí ó ṣe é ti kọ́ iṣẹ́, tàbí ẹni tí ó bọ́ ọ nígbà tí ó ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀: Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó di ọ̀gá òṣèré, ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí. Ìjọ Ọlọ́run kan ní Èbúté-Mẹ́ta ni Ògúndé ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ní 1944. Orin ìjọ ni Ládiípọ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́ ń ṣe ní Òṣogbo, kí ìlù ilẹ̀ wa tí ó mú wọ inú rẹ̀ tó dá awuyewuye sílẹ̀. Bákan náà ni ó rí ní agbo ilé àwọn àyàn: ọmọ a máa jẹ iṣu baba rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ ìlù. Ẹnikẹ́ni kò kọ owó yìí sínú ìwé ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹnì kan ni ó san án.

Ní 1962, Ògúnmọ́lá, tí ó ti ń ṣe eré kiri fún ọdún pípẹ́, wá sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Eré Orí Ìtàgé ní Ìbàdàn. Owó tí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ ni a fi gbọ́ bùkátà rẹ̀. Èso rẹ̀ ni Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, tí wọ́n ṣe ní 1963, tí ó fà yọ láti inú ìwé tí Amos Tutùọlá tẹ̀ jáde ní 1952. Ìrìn-àjò lórí ìrìn-àjò ni ìwé náà. Ẹni tí kò gbọ́n ìbá kó gbogbo rẹ̀ wọ orí ìtàgé ní wúruwùru. Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di àlá: ọ̀mùtí sùn, ó rin ìrìn-àjò, ó sì jí. Nípa èyí, okùn kan ṣoṣo ni ó so gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ pọ̀, ìtàgé tí Demas Nwoko ya ọnà sí sì lè máa yí padà bí àlá ti í yí padà. Èmi kò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó fún Ògúnmọ́lá ní ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn ti wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó rí gbà níbẹ̀ ni àkókò, àkókò tí kò fi ní láti máa fi tíkẹ́ẹ̀tì alẹ́ òní wá oúnjẹ ọ̀la.

Ẹ fi èyí wé Gbọ̀ngàn Eré ti Orílẹ̀-Èdè tí ìjọba kọ́ sí Igànmú ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1976 nítorí àjọ̀dún FESTAC ti 1977. Yàrá eré rẹ̀ tí ó tóbi jù gba nǹkan bí 5,000 ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ kò jìnnà, ilé náà di ohun tí ń dìdàkudà, títí àwọn ilé ìfowópamọ́ fi dáwó jọ tún un ṣe. Ní 2024 wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́. Inú mi dùn sí àtúnṣe náà. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé àwọn ọmọ wa, wọ́n ti pa orin, ijó, eré àti àwòrán pọ̀ di ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, olùkọ́ kan ni ó sì sábà máa ń kọ́ gbogbo rẹ̀. Nínú kíláàsì tèmi, mo a máa béèrè ẹni tí ilé-ìwé kọ́ ní ìlù kan, tàbí tí ó kọ́ ní orin dò-rè-mí. Ọwọ́ tí ń nà sókè kì í pọ̀.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé owó àwọn òǹwòran ni ó gbé Ògúndé ró, àti pé okùn a máa wà nídìí owó ìjọba. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ní 1964, nítorí eré Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ Ògúndé. Ó di 1966, nígbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba, kí a tó tú u sílẹ̀. Ìdí gan-an nìyí tí mo fi ń fẹ́ kí owó ìlú kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó kan àjọ̀dún. Ẹni tí ó sanwó eré alẹ́ òní lè béèrè pé kí a kì òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sanwó kí ọmọ ọdún mẹ́wàá kọ́ ìlù kò lè mọ ohun tí ọmọ náà yóò fi ìlù wí nígbà tí ó bá pé ọgbọ̀n ọdún.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan pe onílù àti oníjàlá ìlú rẹ̀ wọlé, kí a sì san owó oṣù fún wọn, bí wọn kò tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Kí yunifásítì wa sì tún ṣílẹ̀kùn fún òṣèré tí ó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣí i fún Ògúnmọ́lá. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kí ó jẹ́ owó àpò ara wa. Ilé Igànmú ti dúró. Ó ku àwọn tí yóò wọ inú rẹ̀ ṣeré.