Àfiwé Ẹbí nínú Ìkọ́ni Àtẹ Ẹ́límẹ́ǹtì: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìkọ́ni ní èdè Yorùbá ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé èdè wa kò gba sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n Èdè-Ìperí Yorùbá tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni a ṣe é fún. Nítorí náà, olùkọ́ kẹ́mísírì ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó ni yóò máa wá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Àfiwé tó tètè ń wá síni lọ́kàn ni ti ẹbí. Nínú àtẹ tí Mendeleev, ará Rọ́ṣíà, gbé kalẹ̀ ní 1869, ó kó àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tí ìwà wọn jọra pọ̀. Àfiwé náà bá a mu: iye ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù òde àwọn tó wà ní òpó kìíní dọ́gba, ìwà wọn sì jọra bí ọmọ ìyá.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹbí Yorùbá ní àgbà àti àbúrò. Bí olùkọ́ bá ní agbára ń pọ̀ bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, òótọ́ ni ní òpó kìíní: pọ̀tásíọ̀mù ń bá omi jà ju sódíọ̀mù lọ. Ní òpó 17, òdìkejì ni: flúórínì tó wà lókè ló le ju áyódínì lọ. Ìdí kan náà ló fa méjèèjì. Bí átọ́ọ̀mù ti ń tóbi, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù òde ń jìnnà sí kókó inú rẹ̀. Ẹni tí yóò fi tirẹ̀ sílẹ̀ ń rí i fi sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí yóò gba ti ẹlòmíràn kò rí i fà mọ́ra dáadáa.

Orúkọ náà ń ṣini lọ́nà. "Pọ́táàṣì" ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa ń pe kán-ún, bẹ́ẹ̀ sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀. Eérú èèpo kókó tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú ni pọ̀tásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀.

Àbá wa ni pé kí olùkọ́ fi kán-ún àti eérú kókó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òpó kìíní, kí ó lo àfiwé ẹbí fún ìjọra nìkan, kí ó sì sọ ibi tí àfiwé náà parí sí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò há àtẹ sórí, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìdí tí a fi tò ó bẹ́ẹ̀.