Igbó tí ó Kù ní Lẹ́kì àti Àwọn Àlejò Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ń ti Ajah bọ̀ wá sí Victoria Island yóò rí ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé-epo títí ojú yóò fi sú u. Láàrin wọn ni igbó kan wà lẹ́bàá ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 78. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè Shafi Lawal Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ni ó dá a sí ní 1990. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí ní ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Èkó fi katakata wó Màrókò lulẹ̀, tí ilẹ̀ agbègbè náà sì di àjàdù fún olówó.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà wo igbó yìí. Èkíní ni afárá pákó tí ó gba orí irà kọjá, níbi tí ẹni tí ó bá rọra rìn, tí ó sì panu mọ́, ti lè rí ọ̀bọ, awọ́nrínwọ́n àti oríṣiríṣi ẹyẹ. Èkejì ni afárá tóóró tí wọ́n ṣe sókè ní 2015, mítà 401 ni gígùn rẹ̀, ó sì ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Èyí ni òkìkí rẹ̀ kàn. Lóòótọ́, ó ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò mọ igbó rí wọ inú igbó. Ṣùgbọ́n ìgboyà ni ó ń dán wò, kì í ṣe àkíyèsí. Ẹni tí ó di okùn mú, tí ó ń pariwo, tí ó ń wá ibi tí yóò ti ya fọ́tò, igi abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju aṣọ tí ayàwòrán ta sí ẹ̀yìn oníbàárà lọ. Ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ń ríran.

Àlejò mìíràn a máa fi ẹ̀pà àti bisikíìtì fa ọ̀bọ mọ́ra, a sì máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀bọ tí ó bá ti mọ adùn bisikíìtì, ọwọ́ ènìyàn ni yóò máa wò. Bí wọn kò bá fún un, a já a gbà. Nígbà náà ni a óò wá pè é ní olè.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àlejò nìkan. Owó ni a fi ń wọlé, a sì tún ń san òmíràn kí a tó gun afárá òkè. Etí òkun pàápàá, ní Oníru àti Elégùshì, owó ẹnu géètì ni. Bar Beach tí mẹ̀kúnnù ń rọ́ lọ nígbà ọdún ti fi ààyè sílẹ̀ fún ìlú tuntun Eko Atlantic. Ọmọ Ajah tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ilé-ìwé rẹ̀, ni ó wọ igbó náà, ariwo ni yóò pa. Ta ni yóò kọ́ ọ pé ìdákẹ́jẹ́ ni owó ìran ibẹ̀?

Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n ṣí afárá pákó sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ agbègbè náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì ti ti òkè pa ní àkókò yẹn. Kí ẹnì kan tí ó mọ orúkọ igi ní Yorùbá bá wọn rìn, kí ó máa fi èyí tí à ń jẹ hàn wọ́n, àti èyí tí àwọn ìyá wọn fi ń ṣe àgbo.