Oògùn, Òfin àti Ẹ̀rín nínú Chronicles from the Land of the Happiest People on Earth ti Wọlé Ṣóyínká

Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Òwe yìí bá ìwé ìtàn àròsọ tí Bookcraft gbé jáde fún Wọlé Ṣóyínká ní Ìbàdàn ní 2020 mu, ọdún 47 lẹ́yìn Season of Anomy (1973). Òwò ẹ̀yà ara ènìyàn ni ó dá lé; àwọn ẹni ńlá ìlú ni wọ́n sì ń ṣe é.

Oníṣẹ́-abẹ ni Dókítà Kighare Menka, ó ń tọ́jú àwọn tí bọ́ǹbù ti sọ di aláàbọ̀ ara. Àwọn èèyàn pàtàkì bẹ̀ ẹ́ wò ní kíláàbù pé kí ó máa ta ẹ̀yà ara tí ó bá gé fún wọn. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́, ohùn ẹni tí ń ná ọjà tí ìjọba fọwọ́ sí.

Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ló tú u sí gbangba: oògùn. Pọ́n-na ni. Oògùn ni Menka fi ń wo aláìsàn. Oògùn olóró ni òfin 1989 tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ń gbógun tì. Oògùn owó ni àwọn oníbàárà inú ìwé náà ń wá. Lójú tiwọn, òǹtẹ̀ ìjọba nìkan ni ìyàtọ̀ àárín wọn.

Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ mú ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ òǹkàwé. Òṣòdì ni yàrá àyẹ̀wò NAFDAC wà, ọ́fíìsì rẹ̀ kan sì wà ní Ìsọlọ̀; àjọ yìí ló ń fún oògùn ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Lójú títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá kan náà ni ọlọ́pàá ti mú Clifford Orji lábẹ́ afárá ní 1999, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń jẹ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé àwọn ọlọ́lá ló ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú sí àhámọ́ Kirikiri ní 2012, láìsí pé ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi.

Ìwé Ṣóyínká wọ ibi tí ìwádìí náà kò dé: ó gbé àwọn oníbàárà síta. Àṣeyọrí rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn náà ló dúró sí. Òkú tí ó fara balẹ̀ sin ni ti Duyole Pitan-Payne, ẹlẹ́rọ tí bọ́ǹbù pa, tí ikú rẹ̀ rán ni létí Délé Gíwá (1986), ọ̀kan nínú àwọn méjì tí a fi ìwé náà ṣe ìrántí wọn. Bọ́lá Ìgè ni èkejì. Àwọn mẹ̀kúnnù tí a ń gé tà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn alágbára ni ìwé náà fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì pọn dandan kí mẹ̀kúnnù fọhùn. Àṣà ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú agbo ni ẹlẹ́fẹ̀ ti ń bú ọlọ́lá, ará ìlú ló sì ń gbe orin rẹ̀. Láìsí wọn, ìbú náà kò ní ẹ̀rí. Nínú ìwé yìí, ohùn ẹlẹ́fẹ̀ ń dún ketekete. Ohùn elégbè ni kò tó.