Onyeka Onwenu àti máàkì tí mo jẹ ní gbèsè

Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè pé ṣé Bàbá ti dákẹ́ ni. Mi ò dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́fun láti ọjọ́ 30 oṣù Keje, ọdún 2024, nígbà tí Onyeka Onwenu kú. Ó kọrin níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí kan ní Èkó, kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló dákú, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe lọ. Ẹni ọdún 72 ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní ọdún 1990, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kọ iṣẹ́ wá fún mi lórí orin méjì tí Onyeka àti King Sunny Adé jọ kọ ní 1989, ìyẹn Choices àti Wait for Me. Ètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí ló bí orin méjèèjì. Owó ìjọba Amẹ́ríkà ló wà nídìí ètò náà, àwọn ará Yunifásítì Johns Hopkins ló sì bá wọn tò ó. Mo gbé 48 fún ọmọ náà nínú 100. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé: “Ìpolówó ọjà lèyí, kì í ṣe orin. Wá ohun gidi kọ nípa rẹ̀.” Ó wá gba ìwé rẹ̀ ní ọ́fíìsì mi, ó kà á, ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó sì jáde. Ó dá mi lójú nígbà yẹn pé mo ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Onyeka kú, mo wọ Micra láti Challenge, mò ń padà bọ̀ sílé ní Bódìjà. Wait for Me ni wọ́n ń lù lórí rédíò. Awakọ̀ náà, ọmọ tí mi ò rò pé ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ń bá wọn kọ ọ́.

Mo ní, “O mọ orin yìí?”

Ó ní, “Bàbá, màmá mi máa ń kọ ọ́ tí wọ́n bá ń fọṣọ. Orin ìfẹ́ tó dáa ni.”

Mo ní ṣé ó mọ̀ pé orin ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni. Ó wò mí nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ ẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Bọ̀bọ́ yẹn ń kánjú, sìsí ní kó dúró de òun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Kí n tó dé Bódìjà, ara mi ti bù máṣọ. Ohun tí mo ní kò sí nínú orin náà ni awakọ̀ yìí gbọ́, tí èmi ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé iṣẹ́ obìnrin yìí yẹ̀ wò bó ṣe yẹ. Ọdún 1952 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀, D. K. Onwenu, jẹ́ olùkọ́ àti olóṣèlú, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré gan-an. Onyeka kàwé ní Wellesley ní Amẹ́ríkà, ó tún kàwé ní New School ní New York. Nígbà tó padà wálé ní 1980, NTA ló ti ṣe agùnbánirọ̀. Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ àkọ́kọ́, For the Love of You, jáde ní 1981, òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni. Ní 1984, òun ló kọ ètò tí wọ́n pè ní Nigeria: A Squandering of Riches, òun náà ló sì ṣe atọ́kùn rẹ̀. BBC àti NTA ló gbé e jáde. Ó sọ̀rọ̀ nípa bí owó epo rọ̀bì ṣe ń fò lọ, àti bí ìyà ṣe ń jẹ àwọn tí epo ń jáde nílẹ̀ wọn. Ẹ rántí pé lásìkò tí à ń wí yìí, ológun ló ń ṣe ìjọba.

Nítorí náà, nígbà tó bá Sunny Adé kọrin ní 1989, kì í ṣe pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi owó ra ohùn rẹ̀ láti fi jíṣẹ́. Jíjíṣẹ́ fún aráàlú ti di iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Àìgbọ́n ni mo pè ní ìmọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ tún gbọ́ ibi tí mo ti jìn sí kòtò ara mi. Nínú kíláàsì kan náà, mò ń kọ́ yín ní Yorùbá Ronú ti Hubert Ògúndé, eré 1964 tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn torí rẹ̀ fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ kò sí nínú ìyẹn? Mo pè é ní iṣẹ́ ọnà ńlá. Àlọ́ ìjàpá ńkọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń kádìí rẹ̀? Àwọn ìyá nọ́ọ̀sì tó ń pàtẹ́wọ́ kọrin ọmú àti abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn aboyún, ṣé ariwo lásán ni wọ́n ń pa? Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ni, ta ni kò mọ̀ pé olówó tí wọ́n ń kì nínú jùjú náà ló ń náwó fún olórin? Mo gba owó ọlọ́lá ìlú láyè, owó Amẹ́ríkà ni mo fi gún obìnrin yìí lára.

Ohun tí ọmọ yẹn ń gbìyànjú àti sọ nínú iṣẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe rántí rẹ̀, ni pé ká wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ jùjú tí a fi dàgbà, wọ́n máa ń yin obìnrin ni, tàbí kí wọ́n máa bá a wí. Nínú Wait for Me, obìnrin ń dáhùn. Ohùn tirẹ̀ àti ti ọkùnrin dọ́gba, ìdáhùn tirẹ̀ ló sì di àkọlé orin. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni adùn rẹ̀ wà.

Ká má parọ́, mi ò ní torí pé ó ti kú kí n máa pọ́n ohun gbogbo. Choices kò dùn tó èkejì létí tèmi. Àlàyé pọ̀ níbẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ìwé pélébé tí wọ́n ń pín ní ilé ìwòsàn. Òyìnbó sì pọ̀ jù nínú orin méjèèjì fún ìyá tó ń tajà ní Dùgbẹ̀, tó jẹ́ pé òun gan-an ló yẹ kí wọ́n bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tó wá di òṣèré, mo rí nǹkan kan náà. Nínú Half of a Yellow Sun ti 2013, tí ọmọ wa Biyi Bandele darí, òun ló ṣe ìyá Odenigbo, ìyá ọkọ tó ń pe Olanna ní àjẹ́ torí pé ó kàwé. Ẹ rò ó wò: obìnrin tó lọ sí Wellesley ló ń ṣe ẹni tó kórìíra obìnrin tó kàwé. Ìbá rọrùn fún un láti fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń bẹ̀rù pé ọmọ òun ń bọ́ lọ lọ́wọ́ òun ni mo rí, mo sì mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn níbí.

Ohun kan ló kù, òun ló sì dùn mí jù. Ní ọdún 2000, Onyeka lọ jókòó sí iwájú NTA ní Èkó, ó ní òun kò ní jẹun, nítorí pé wọ́n ń lo orin òun láìsanwó. Ilé iṣẹ́ tó ti fún ní ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn. Èmi tí mo fi bírò pupa béèrè ẹni tó sanwó orin, n kò béèrè lọ́jọ́ kan ẹni tí kò sanwó fún olórin.

Ìwọ ọmọ mi, ìwọ mọ ara rẹ. Mi ò lè yí máàkì náà padà mọ́, wọ́n ti ti ìwé yẹn pa láti ọdún gbọọrọ. Ṣùgbọ́n mo ṣì ọ́ wò, o sì tọ̀nà. Ilé kan náà ni mo wà ní Bódìjà. Bí iṣẹ́ yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e wá kí n tún un kà. Iyán wà.